Ilé Ìmọ́lẹ̀ Etí Òkun Kì Í Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Olùdarí Fíìmù

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney ń múra fíìmù Pete's Dragon, tó jáde ní 1977, wọ́n ń wá ilé ìmọ́lẹ̀ kan tó dá dúró lórí òkè létí òkun. Ìpínlẹ̀ Maine ni wọ́n gbé ìtàn náà sí, lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lọ jàra. Àmọ́ Kalifóníà ni Disney fìdí kalẹ̀ sí, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí Maine. Wọ́n bá wá ilẹ̀ kan ní Point Buchon, lẹ́bàá ìlú Los Osos ní Kalifóníà kan náà, wọ́n kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ tiwọn síbẹ̀. Ilé eré ni. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ kì í ṣe iná eré rárá. Ó mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n ní láti lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun ìjọba Amẹ́ríkà kí wọ́n tó lè tàn án, torí pé bí atukọ̀ kan bá rí i láti ojú agbami lóru, ó lè ṣì í mú fún iná tòótọ́.

Ẹni tí kò rin ìrìn òkun rí lè rò pé àsọdùn ni. Ilé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bí iná tirẹ̀ ṣe ń kọ mànà. Òmíràn ń kọ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, òmíràn a kọ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn kó tó dákẹ́, òmíràn á pupa, òmíràn á funfun. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé tí àwọn atukọ̀ ń gbé kiri. Atukọ̀ tó bá rí iná nínú òkùnkùn, tí kò sì mọ ibi tó dé, yóò ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín mànà kan sí èkejì, yóò wo ìwé rẹ̀, yóò sì mọ èbúté tó wà níwájú òun àti ibi tí àpáta wà. Ẹni tó bá wá gbé iná àjèjì kalẹ̀ sétí òkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tó yí pátákó ìtọ́nà padà ní oríta lóru.

Ohun tó mú ilé ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ nìyẹn láàárín gbogbo ilé àtijọ́ tí àwọn onífíìmù ń yá lò. Ọ̀pọ̀ ààfin àtijọ́ ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti ṣófo, a lè ti ilẹ̀kùn wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí olùdarí fíìmù fi wọ́n ṣe bó ṣe wù ú. Ilé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí iná rẹ̀ sì ti kú pàápàá, afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí, àpáta ibẹ̀ àti ìgbì ibẹ̀, kò sí ọ̀kan tó tíì fẹ̀yìn tì nínú wọn. Kámẹ́rà fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan míì láyé. Òun ni kò ka kámẹ́rà sí.

Ẹ jẹ́ ká mú Point Reyes ní Kalifóníà yẹ̀ wò, èyí tí John Carpenter lò fún The Fog, fíìmù adẹ́rùbani tó jáde ní 1980. Ilẹ̀ ibẹ̀ yọ gọngọ wọ inú òkun Pàsífíìkì tó bíi máìlì 10. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wà lára èyí tó le jù lọ ní gbogbo etí òkun náà, kùrukùru ibẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹlẹgbẹ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Kùrukùru yìí ló fa ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu níbẹ̀: ilé ìmọ́lẹ̀ náà kò sí lórí òkè. Orí òkè fi nǹkan bí 600 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, ṣùgbọ́n kùrukùru a máa bò ó mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí ìsàlẹ̀ á mọ́ kedere. Àwọn tó kọ́lé bá fi ẹ̀tù fọ́ àpáta ní agbedeméjì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà títí wọ́n fi rí ojú pẹrẹsẹ tí ilé lè jókòó lé. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn 313, yóò sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún padà. Ilé fúnra rẹ̀ kò ga rárá, ẹsẹ̀ bàtà 37 péré ni. Irin ni wọ́n fi kàn án, ó sì ní ìhà 16 yípo.

Inú rẹ̀ ni ìyanu wà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe dígí rẹ̀ ní 1867, irú èyí tí ọmọ Faransé kan, Augustin Fresnel, dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820. Kàkà kí Fresnel lo dígí kan gbàǹgbà tó nípọn, ègé dígí wẹ́wẹ́ ló tò yí iná ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà kan náà. Ti Point Reyes lé ní 1,000 ègé, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ọkọ̀ òkun gbé e kúrò ní Faransé, ó gba ìsàlẹ̀ pátápátá Gúúsù Amẹ́ríkà yípo dé San Francisco. Ọkọ̀ míì gbé e dé Drakes Bay, màlúù ló sì wá fi kẹ̀kẹ́ ẹrù fà á gun òkè. Oṣù Kejìlá 1870 ni wọ́n kọ́kọ́ tàn án. Fìtílà tí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń jó nínú rẹ̀ ló ń tàn dé nǹkan bíi máìlì òkun 24 lálẹ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ojú 24 ni dígí náà ní, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí atukọ̀ fi ń rí mànà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-márùn. Ẹ̀rọ kan tó rí bíi ti aago ńlá ló ń yí i, ohun wíwúwo tó so rọ̀ ló sì ń fa ẹ̀rọ náà. Láàárín wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú, ohun wíwúwo yẹn á ti dé ìsàlẹ̀, olùṣọ́ iná á sì tún wé e padà sókè. Bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, òjò ì báà rọ̀, ìjì ì báà jà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kì í sì í ṣe ti ẹni tí kò lè dá wà. Lóṣù Kìíní 1889, ọ̀gá ibẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn pé orí ọ̀kan nínú àwọn igbákejì òun ti dàrú, àti pé wọ́n ti fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní ìlú Olema. Ó ṣókí bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń kọ iye epo tó kù. Nígbà tí ilẹ̀ sì mì tìtì ní agbègbè San Francisco lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin 1906, gbogbo ilẹ̀ Point Reyes ló sún lọ sí àríwá ní ẹsẹ̀ bàtà 18 kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Dígí yẹ̀ kúrò lójú irin rẹ̀. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 12 ni, ní ìdájí, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 25 sì ni wọ́n fẹ́ pa iná lọ́jọ́ yẹn. Àwọn olùṣọ́ tún un ṣe lójú ọ̀sán, wọ́n tàn án nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ìṣẹ́jú 13 péré ni gbogbo ohun tí ilé ìmọ́lẹ̀ náà pàdánù lẹ́nu iṣẹ́ nínú ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó San Francisco.

Ní 1975, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun gbé iná kékeré tó ń tan ara rẹ̀ sí tòsí, wọ́n fi ilé àti dígí àtijọ́ lé àwọn tó ń bójú tó ọgbà ìjọba lọ́wọ́. Ìfẹ̀yìntì yẹn ló ṣí ọ̀nà fún Carpenter. Nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé lọ́dún 1979, kò sí pé wọ́n ń dí atukọ̀ kankan lọ́wọ́.

Nínú The Fog, obìnrin kan tó ń jẹ́ Stevie Wayne, tí Adrienne Barbeau ṣe ipò rẹ̀, sọ ilé ìmọ́lẹ̀ di ilé-iṣẹ́ rédíò. Ó ń dá nìkan bá ìlú Antonio Bay sọ̀rọ̀ lóru láti òkè yẹn, òun sì ni yóò kọ́kọ́ rí i pé kùrukùru kan ń bọ̀ lójú òkun tó ń rìn lòdì sí afẹ́fẹ́. Nínú kùrukùru náà ni òkú àwọn adẹ́tẹ̀ tó kú sínú ọkọ̀ ní 100 ọdún ṣáájú wà. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ló pa wọ́n: wọ́n dá iná sétí òkun, ọkọ̀ tẹ̀ lé iná, ọkọ̀ gun àpáta, wọ́n kó wúrà inú rẹ̀. Carpenter àti Debra Hill tí wọ́n jọ kọ ìtàn náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìtàn iná ẹ̀tàn ni, inú ilé iná òtítọ́ ni wọ́n sì ti ń sọ ọ́.

Ohun tí kámẹ́rà rí mú níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn. Ìran kan wà tí Stevie ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́: òkun funfun nísàlẹ̀, òkúta ní ọ̀tún àti ní òsì, obìnrin náà kéré bí ẹni tí afẹ́fẹ́ lè gbá dànù, àtẹ̀gùn sì ń lọ láìdópin. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí òkú kankan lójú, síbẹ̀ ẹni tó ń wò ó ti mọ̀ pé bí wàhálà bá dé bá obìnrin yìí, kò sí ẹni tó máa tètè débẹ̀. Owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ púpọ̀. Kò sí oníṣẹ́ ọnà tó lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ irú òkè yẹn. Yàrá rédíò tí a ń rí nínú fíìmù ní tirẹ̀ kì í ṣe inú ilé náà, sítúdíò ni wọ́n ti yà á. Ẹni tó bá mọ Point Reyes kò ní bi wọ́n léèrè ìdí: dígí tọ́ọ̀nù mẹ́ta ló gba gbogbo òkè ilé náà, kò sí ibi tí ẹnì kan máa gbé tábìlì àti gbohùngbohùn sí. Ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ṣe kùrukùru. Ó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe kùrukùru nínú ìtàn tí wọ́n yà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún kùrukùru tòótọ́ pé kó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí òṣèré á fi ké?

Wọ́n tún fíìmù yẹn ṣe ní 2005. Bowen Island ní British Columbia, ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo wo méjèèjì. Èkejì ní owó lápò, ó ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣe kùrukùru bó ṣe wù ú, kò sì dẹ́rù bà mí.

Ìṣòro tó ń dojú kọ olùdarí tó bá fẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ gidi rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti yanjú. Ó ń fẹ́ ibi tó jìnnà sí èèyàn, ó sì ń fẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù débẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, iná ńlá, aṣọ, oúnjẹ ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gbé lọ. Àwọn tó kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ kò sì ro ti akẹ́rù: ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń fọ́ ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ sì kì í sábà jẹ́ ibi tí ọmọ èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn dé.

Robert Eggers bá ìṣòro yìí pàdé nígbà tó fẹ́ ṣe The Lighthouse, tó jáde ní 2019. Ó ń wá ilé ìmọ́lẹ̀ tó bá àwọn ọdún 1890 mu, tí ìjì ń bá jà, tí ọ̀nà sì wọ̀. Kò rí i. Ohun tó rí ni ilẹ̀: Cape Forchu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Yarmouth ní Nova Scotia, Kánádà. Àpáta wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ sì dé ibẹ̀. Ilé ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú! Àmọ́ kọnkéré ni, 1962 ni wọ́n kọ́ ọ, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ tún gbòòrò, tó fi jẹ́ pé ohun tó kù lára èso ápù tí wọ́n ti jẹ ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i nínú ìtàn 1890 yóò mọ̀ pé irọ́ ni. Craig Lathrop, tó ń bójú tó iṣẹ́ ọnà fíìmù náà, bá kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ míì sórí ilẹ̀ kan náà, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 70, pẹ̀lú ilé ìgbé àti àwọn ilé kéékèèké tó yí i ká, tí gbogbo rẹ̀ lè fara da ìjì.

Ìjì sì wá. Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún 2018 ni wọ́n ń ya fíìmù náà. Òtútù etí òkun Àtìláńtíìkì kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, ṣùgbọ́n ohun tí Eggers ń fẹ́ gan-an nìyẹn: pé kí òkun hó, kí Willem Dafoe àti Robert Pattinson dúró sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú òjò àti afẹ́fẹ́ tó ń gbá wọn lójú nínú fíìmù náà kò wá láti inú ẹ̀rọ.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ náà ni ìrísí àwòrán. Jarin Blaschke tó di kámẹ́rà mú lo fíìmù dúdú àti funfun gidi, tí wọ́n ń fọ̀ nínú omi, ó sì jẹ́ kí ojú àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbùú àti lóòró, bíi ti sinimá ìgbà tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú fíìmù. Fíìmù tí à ń wò lóde òní fẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Bí o bá gbé ilé ìmọ́lẹ̀ sínú irú àwòrán fífẹ̀ bẹ́ẹ̀, yálà kí o gé e lórí, tàbí kí o sún sẹ́yìn títí yóò fi di igi ìṣáná. Nínú àwòrán onígun mẹ́rin ti Blaschke, ilé náà wọlé tán láti ìdí dé orí, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì há sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fà á sílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar nítorí iṣẹ́ yìí, kò sì yà mí lẹ́nu. Irú fíìmù yẹn ń fẹ́ iná púpọ̀ kó tó rí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí fìtílà epo orí tábìlì tí àwọn méjèèjì ń jẹun sí fi ní gílóòbù iná mànàmáná tó le nínú.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n wó ilé ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kalẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Cape Forchu lónìí, ti kọnkéré nìkan ló máa bá.

Ìtàn tí fíìmù yẹn mú ẹ̀mí rẹ̀ láti inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ní Smalls, àpáta kan tó wà ní nǹkan bíi máìlì 20 sí ilẹ̀ Wales. Ní 1801, àwọn méjì ló ń ṣọ́ iná níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ Thomas: Thomas Howell àti Thomas Griffith. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé wọn kì í rẹ́. Griffith kú. Howell kò jẹ́ sọ òkú náà sómi, kí wọ́n má baà ní òun ló pa á. Ó kan pósí, ó sì dè é mọ́ ìta ilé. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ fọ́ pósí náà, apá òkú yọ síta, ìjì sì ń jù ú síwá sẹ́yìn lójú fèrèsé bí ẹni ń pe èèyàn. Ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè sún mọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Howell dé ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé mẹ́ta ni kí àwọn olùṣọ́ iná máa jẹ́.

Mẹ́ta náà kò sì ní kí nǹkan má ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1900, àwọn mẹ́ta tó wà ní ilé ìmọ́lẹ̀ erékùṣù Flannan, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, di àwátì. James Ducat, Thomas Marshall, Donald McArthur: a kò rí òkú ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe fíìmù The Vanishing, tí Gerard Butler ṣe nínú rẹ̀, wọn kò lọ ya á sí Flannan. Erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀ kì í rọrùn fún láti gúnlẹ̀ sí, níbo ni wọ́n fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ gbà? Agbègbè Galloway ní gúúsù Scotland ni wọ́n lọ, wọ́n sì lo ilé ìmọ́lẹ̀ bíi Mull of Galloway, Corsewall àti Killantringan. Ilé tí òǹwòrán rò pé ẹyọ kan ni, bíi mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n dà pọ̀.

Ewu inú ilé náà tún wà, tí àwọn onífíìmù kì í rò tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1890, wọ́n ti ń gbé ọ̀pọ̀ dígí ńlá léfòó lórí mẹ́kúrì kí wọ́n lè yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Májèlé ni mẹ́kúrì, ooru rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí àjèjì máa fa wáyà kọjá nítòsí rẹ̀. Dígí náà tún lè dáná sunlé. Bó ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ fìtílà jọ jáde ló ṣe lè kó oòrùn jọ wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùṣọ́ iná fi máa ń ta aṣọ bò ó tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Èyí tó bá sì fọ́ nínú àwọn ègé náà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò sí mọ́.

Bóyá ìdí nìyí tí ilé ìmọ́lẹ̀ tí mo rò pé wọ́n lò dáadáa jù lọ fi jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ inú rẹ̀ rárá. Nínú Forrest Gump, 1994, Tom Hanks ti sáré láti etí òkun kan dé èkejì. Ó gun afárá onípákó lọ dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìmọ́lẹ̀ Marshall Point ní Port Clyde, Maine, ó rí i pé ilẹ̀ tán, ó yí padà, ó sì ń sáré lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni. Kò sí òkú, kò sí ìjì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dígí kankan. Ilé náà dúró síbi tó dúró sí láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún: ó fi ibi tí ilẹ̀ parí sí hàn. Títí dòní ni àwọn àlejò ń sáré lórí afárá yẹn kí ọ̀rẹ́ wọn lè yà wọ́n ní fóònù.

Èrè tó ń kù sílẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì, torí pé owó ni ilé ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ń jẹ. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin, ìgbì ń jẹ àpáta. Belle Tout, lórí òkè ẹfun Beachy Head ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni BBC lò fún eré The Life and Loves of a She-Devil ní 1986. Ní 1999, òkè ti jẹ dé ẹsẹ̀ ilé náà, wọ́n ní láti gbé gbogbo ilé òkúta ọ̀hún sórí irin kí wọ́n sì tì í sẹ́yìn ní mítà 17. Split Point ní Aireys Inlet, Ọsirélíà, di ààyò àwọn ọmọdé láyé nítorí eré tẹlifíṣọ̀n Round the Twist. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti 2000 tó gba ìjọba láàyè láti fi ilé ìmọ́lẹ̀ tí kò nílò mọ́ tọrẹ fún ẹgbẹ́ tó máa tọ́jú rẹ̀, tàbí kó tà á. Báyìí ni wọ́n ṣe ta Graves Light, lẹ́nu èbúté Boston, ní 2013 ní iye tó lé ní 900,000 dọ́là. Ilé yẹn ti ṣeré nínú Portrait of Jennie ní 1948, nínú ìjì líle tí wọ́n pa láró àwọ̀ ewé. Ẹni tó fi iye yẹn ra àpáta àti ilé tí omi yí ká kò ní kọ owó onífíìmù.

Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń lọ gbafẹ́ ní Lighthouse Beach, lẹ́yìn Tarkwa Bay, tí wọn kì í béèrè ilé ìmọ́lẹ̀ wo ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí olùdarí fíìmù Yorùbá kan bá ń wá ilé ìmọ́lẹ̀ tí ìtàn wa wà lára rẹ̀, Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, ni kó forí lé. Farol da Barra dúró sínú odi àwọn ọmọ ogun Potogí àtijọ́, lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọ Bahia láti òkun. Ní 1668, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Santíssimo Sacramento fọ́ sí iwájú Rio Vermelho níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn bá a lọ. Ìjàǹbá yẹn ló mú wọn gbé iná sórí odi náà ní 1698. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, 1839 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìde sí àwọn olówó wọn nílùú náà. Àwọn ọkọ̀ tó kó èèyàn wa dé Bahia, iwájú ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n Brazil kò sì fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà kánífà Salvador ti bẹ̀rẹ̀, ọdọọdún ni kámẹ́rà ń gbé e jáde lẹ́yìn àwọn olórin. Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949, a máa kọjá níwájú rẹ̀ nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ìlù ìjẹ̀ṣà. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì, àwọn ará ìlú ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní Rio Vermelho, níbi omi tó gbé ọkọ̀ Sacramento mì. Ohun tí Eggers wá tí kò rí, tó fi di pé ó kọ́ tirẹ̀, ni ilé àtijọ́ lórí àpáta tí ọ̀nà ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wà ní Barra, pẹ̀lú ìtàn tó pọ̀ ju ti Cape Forchu lọ fún àwa. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Brazil ló ni ín. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí olùdarí náà kọ̀wé sí.